Kí Ló Dé Tó Jẹ́ Ìdí Àfòpiná Ni Wọ́n Ń Wò?

Àwọn àfòpiná tó ń ba oko jẹ́ lágbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin kì í ṣe arẹwà. Èyí tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ ewé àgbàdo, èyí tí ọmọ rẹ̀ ń lu èso òwú, èyí tí ọmọ rẹ̀ ń gbẹ́ inú ìrèké nínú oko ńlá ilé-iṣẹ́ ṣúgà tí ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ níbẹ̀ láwọn ọdún 1970, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀: àwọ̀ eérú, àwọ̀ koríko gbígbẹ, pẹ̀lú àbàwọ́n díẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá mú méjì nínú wọn lọ bá onímọ̀ kòkòrò pé kó sọ orúkọ wọn fún yín, ó lè má pẹ́ rárá lórí apá wọn. Yóò gé ikùn wọn kúrò, yóò rì í sínú omi pọ́táṣì, yóò sì gbé ohun tí akọ fi ń gun abo sábẹ́ awò amúhuntóbi, ìyẹn maikirosikóòpù. Lójú ẹni tí kò mọ̀, àṣejù ni. Kí ló dé tí orúkọ àfòpiná fi wà níbi tó pa mọ́ jù lọ lára rẹ̀, nígbà tó ní apá mẹ́rin tó tẹ́ sílẹ̀ gbalasa? Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú orí yìí ni pé kò sí àṣejù kankan níbẹ̀. Apá àfòpiná jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń yí, ìdí rẹ̀ ni kì í sábà purọ́, ohun tó sì fa ìyàtọ̀ náà ni iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara méjèèjì ń ṣe.

Ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa pe nǹkan. Àwọn onímọ̀ a máa kó àwọn ẹ̀dá tó ṣẹ̀ wá láti orísun kan náà sínú agbo kan, agbo ńlá a sì ní agbo kéékèèké nínú. Agbo ńlá ni màá máa pè ní agboolé, agbo kékeré inú rẹ̀ ni ojúlé, ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan tó ń bí bíi tirẹ̀ láì dà pọ̀ mọ́ òmíràn ni màá pè ní irú. Agboolé tí ọ̀rọ̀ wa kàn jù ni Noctuidae, ọ̀kan lára àwọn tó lérò jù lọ láàárín àfòpiná. Ojúlé kan nínú rẹ̀ ni Spodoptera, tó ní nǹkan bí 30 irú káàkiri ayé, tí nǹkan bí ìdajì wọn sì jẹ́ ọ̀tá àgbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí orúkọ alápá méjì, apá kìíní jẹ́ ti ojúlé, apá kejì sì jẹ́ ti irú. Áfíríkà ti ní tirẹ̀ nínú ojúlé yìí láti ọjọ́ pípẹ́: Spodoptera exempta, tí ọmọ rẹ̀ máa ń yọ lọ́wọ̀ọ́wọ́ lórí koríko àti ọkà nígbà tí òjò bá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá, Spodoptera littoralis, tó fẹ́ràn òwú àti ẹ̀fọ́, Spodoptera exigua, tó kéré sí àwọn yòókù. Òun náà ni ojúlé tí àlejò kan yà sí ní ọdún 2016.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, kòkòrò kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgbàdo run ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ẹni tó bá rò pé ọmọ exempta ni kò jẹ̀bi, nítorí ojúlé kan náà ni wọ́n ti wá, ilẹ̀ yìí sì ti mọ exempta tipẹ́. Àmọ́ ìwà rẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ exempta a máa jẹun ní gbangba, wọn a jọ rìn, wọn a jọ jẹ ewé tán, wọn a sì kọjá lọ. Èyí ń wọ inú ọfun àgbàdo lọ, ó ń farapamọ́ síbẹ̀, kì í sì í lọ. Georg Goergen, onímọ̀ kòkòrò ní ẹ̀ka IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, tó wà ní Abomey-Calavi lẹ́bàá Kútọnu, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn àfòpiná tó jáde lára kòkòrò náà wò, láti Nàìjíríà, Benin, Togo àti São Tomé. Wọ́n wo apá, wọ́n wo ẹ̀yà ìbímọ akọ, wọ́n sì yẹ DNA wọn, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara wọn, wò pẹ̀lú. Ìròyìn wọn jáde lóṣù kẹwàá ọdún náà: Spodoptera frugiperda ni, àfòpiná ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí J. E. Smith ti sọ lórúkọ láti ọdún 1797 nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn labalábá àti àfòpiná ìpínlẹ̀ Georgia. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan ṣáájú ìgbà náà pé ó wà ní Áfíríkà. Kó tó di òpin ọdún 2018, ó ti tàn dé ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, ó sì ti dé Íńdíà. Ní 2019, ó wọ Ṣáínà.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ìdí tí wíwo apá nìkan kò fi tó fún irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Ìpẹ́ tíntìntín ló bo apá àfòpiná, wọ́n tò léra wọn, àwọ̀ tí ẹ ń rí sì wà lára ìpẹ́ yìí, kò sí lára apá fúnra rẹ̀. Òun ni lẹ́búlẹ́bú tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ béèyàn bá mú àfòpiná. Bó ṣe ń fò lálẹ́, bó ṣe ń gba àárín ewé kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ìpẹ́ ń bọ́. Èyí tó ti lo ọ̀sẹ̀ kan láyé ti ṣí, àbàwọ́n tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ sì lè ti parẹ́ pátápátá. Èyí tó bá kó sínú pańpẹ́ tún burú sí i, nítorí á máa gbá ara rẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ korobá títí tí yóò fi kú. Lẹ́yìn ìyẹn, akọ àti abo ò dọ́gba. Akọ frugiperda ní àbàwọ́n funfun nítòsí ṣóńṣó apá iwájú, ó sì ní ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó dábùú. Abo rẹ̀ ṣe ràkọ̀ràkọ̀ lásán, àwọ̀ ilẹ̀ pọ̀ mọ́ eérú. Lójú ẹni tí kò mọ̀, abo frugiperda lè jọ abo irú mìíràn ju bó ṣe jọ ọkọ tirẹ̀ lọ.

Ìyẹn ṣì kéré. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ẹni tí apá náà wà fún. Lójú ọ̀sán, àfòpiná a máa sùn sórí ewé gbígbẹ, sára igi, sáàárín pàǹtírí oko, ẹyẹ sì ń wá a kiri. Àwọ̀ tó jọ ewé gbígbẹ ló ń gbà á là, ohun tó bá sì gba irú kan là lórí ewé gbígbẹ yóò gba irú mìíràn là níbẹ̀. Nítorí náà, irú méjì tí kò bára tan púpọ̀ lè wọ aṣọ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìyá kan náà lè wọ aṣọ tó yàtọ̀ díẹ̀ síra, láìsí ohun tí yóò bàjẹ́. Òkùnkùn ni wọ́n sì ti ń fẹ́ ara wọn: òórùn ni akọ ń tẹ̀ lé dé ọ̀dọ̀ abo, kì í ṣe àwọ̀. Apá ń dáhùn ìbéèrè ẹyẹ. Kò ní ìdí pàtàkì tí yóò fi dáhùn ìbéèrè tiwa nípa irú.

Ẹnì kan lè sọ pé, tó bá jẹ́ òórùn ni, ẹ jẹ́ ká fi òórùn mọ̀ wọ́n nígbà náà. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n ti rí òórùn abo frugiperda ṣe ní ilé-iṣẹ́, wọ́n ń fi sínú pańpẹ́, akọ sì ń rọ́ wọ inú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dẹ irú pańpẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Togo, nínú ìwádìí tó jáde ní 2019, kì í ṣe frugiperda nìkan ló wọlé. Leucania loreyi náà wọlé, àfòpiná mìíràn láti agboolé Noctuidae, tí òórùn ìfẹ́ tirẹ̀ ní ohun tó jọ ti frugiperda nínú. Lẹ́yìn tí ìpẹ́ méjèèjì bá ti bọ́ tán nínú korobá kan náà, ẹni tó ń ka òkú àfòpiná láti mọ̀ bóyá ewu ń bọ̀ lè ka ewu tí kò sí. Ikùn wọn nìkan ni kò ní pọ̀ mọ́ ara wọn.

Kí ló wá wà nínú ikùn náà? Nípẹ̀kun ikùn akọ, àwo líle méjì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí ó fi ń gbá ìdí abo mú kó má bàa yọ̀. Apá ìgbámú ni màá pè wọ́n. Láàárín wọn ni ọ̀pá àtọ̀ ti ń gba kọjá, àwo kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ ọ̀pá náà tó gbé e ró, èyí tí a lè pè ní àwo agbọ́pá. Ọ̀pá àtọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tó ṣe bọrọgidi. Àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ká jọ sínú rẹ̀, tó jẹ́ pé nígbà tí akọ bá gun abo, àpò náà á yí inú rẹ̀ síta, á sì wú sínú ara abo. Ẹ̀gún tíntìntín lè wà lára àpò yìí, ó lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jẹ́ ọ̀wọ́, ó lè máà sí rárá, ìtò wọn sì ń yàtọ̀ láti irú dé irú. Abo ní tirẹ̀ ní ihò méjì, ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu: ọ̀kan fún gígùn, ọ̀kan fún yíyé ẹyin. Ihò gígùn ní ẹnu ọ̀nà líle, ọ̀fun tó gùn tàbí tó kúrú, lẹ́yìn náà àpò ìgbàtọ̀. Akọ kì í da àtọ̀ síbẹ̀ lásán, inú ẹrù dídì kan ló ń dì í sí. Lára ògiri àpò ìgbàtọ̀ nínú ọ̀pọ̀ irú, eyín líle kan wà tó ń ya ẹrù náà, kí àtọ̀ lè jáde kó sì bá ọ̀nà tóóró kan lọ síbi tí wọn yóò ti máa dúró de ẹyin.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ni ó lè yàtọ̀ nígbà tí apá kò bá yàtọ̀. Apá ìgbámú frugiperda fẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí onígun mẹ́rin. Àpẹẹrẹ tó tún lágbára ju ìyẹn lọ ni ti littoralis ilẹ̀ Áfíríkà àti litura ilẹ̀ Éṣíà. Ẹni tó bá fi ojú lásán wo méjèèjì kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ èyí tó jẹ́ èwo, kódà tó bá jẹ́ ògbógi. Àmọ́ nínú abo littoralis, ẹnu ọ̀nà ihò gígùn àti ọ̀fun rẹ̀ gùn bákan náà. Nínú abo litura, gígùn wọn ò dọ́gba. Nínú akọ, àwo agbọ́pá irú kọ̀ọ̀kan ní ìrísí tirẹ̀ tí kò ṣeé ṣì mú. Àwọn tó ń yẹ ẹ̀fọ́ àti òdòdó wò ní ẹnubodè ilẹ̀ Yúróòpù gbára lé ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé wọn ò fẹ́ kí èyíkéyìí nínú méjèèjì gba ẹrù wọlé.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rí i ò ṣòroó lóye. Wọ́n á gé ikùn kúrò lára òkú àfòpiná gbígbẹ, wọ́n á rì í sínú omi pọ́táṣì, ìbátan omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, àmọ́ tó le jù ú lọ. Omi eérú máa ń jẹ ọ̀rá, ìdí nìyẹn tó fi ń di ọṣẹ. Pọ́táṣì yìí náà á jẹ ọ̀rá àti ẹran inú ikùn. Ohun tí kò lè jẹ ni kítìn, èèpo líle tí ara kòkòrò fi ṣe egungun. Apá ìgbámú, ọ̀pá àtọ̀, ẹ̀gún, eyín inú àpò ìgbàtọ̀, gbogbo ibi tó le lára wọn ló ní kítìn nínú. Bí ẹran bá ti yọ́ tán, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá ìyókù ìpẹ́ kúrò nínú omi, wọ́n á tú apá ìgbámú sílẹ̀ ní títẹ́, wọ́n á fa ọ̀pá àtọ̀ yọ, wọ́n á sì pa á láró kó lè hàn dáadáa. Ọlọ́wọ́ ẹ̀lẹ̀ a tún fi abẹ́rẹ́ fẹ́ àpò inú ọ̀pá náà kó wú bó ṣe ń wú nínú abo. Àǹfààní kan wà nínú èyí tí kò yẹ kó sá lójú wa: àfòpiná tó ti wà nínú àpótí fún 100 ọdún, tí ìpẹ́ rẹ̀ ti ṣí tán, ṣì ní kítìn rẹ̀ ní pípé. Àmọ́ ìṣòro kan wà níbẹ̀. Gíláàsì tí wọ́n fi ń tẹ àwọn ẹ̀yà yìí pẹlẹbẹ lè yí ìrísí wọn padà, bí wọ́n bá sì tẹ̀ wọ́n láti igun méjì, irú kan náà lè dà bí méjì. Onímọ̀ tó mọṣẹ́ kì í wo ẹyọ kan kó sọ̀rọ̀. Ó ń wo púpọ̀, ó sì ń wò wọ́n kó tó tẹ̀ wọ́n.

A ti wá dé ibi tí ìbéèrè náà ti jinlẹ̀. Kí ló dé tí ẹ̀yà ìbímọ fi ń yàtọ̀ nígbà tí ìyókù ara kò yàtọ̀? Ìdáhùn tó pẹ́ jù ni ti Léon Dufour, oníṣègùn ará Faransé, tó sọ ọ́ ní 1844 pé àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n: ti akọ irú kan kò lè ṣí ti abo irú mìíràn, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí irú dà pọ̀. Àlàyé yìí dùn ún gbọ́, àmọ́ ó ní ihò. Òórùn ti ya ọ̀pọ̀ irú sọ́tọ̀ kí wọ́n tó fara kanra, kí wá ni àgádágodo ń ṣọ́? Bákan náà, nínú ọ̀pọ̀ kòkòrò, ti akọ máa ń yàtọ̀ gan-an láàárín irú méjì nígbà tí ti abo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà, ó sì rọ̀. Àgádágodo tó rọ̀ kì í lé olè. Ní 1985, William Eberhard, onímọ̀ ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Costa Rica, kọ ìwé kan tó gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní yíyàn tí abo ń yan ọkọ kì í parí nígbà tó bá jẹ́ kí akọ gùn ún. Nínú ara rẹ̀ níbẹ̀ ló ṣì ti ń yàn: àtọ̀ tí yóò lò, èyí tí yóò dà nù, iye ẹyin tí yóò fún un. Akọ tí irinṣẹ́ rẹ̀ bá bá ara abo mu jù ló ń bímọ jù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin a sì jogún irinṣẹ́ náà. Bí agbo méjì bá ti pínyà, ohun tó wu abo níhìn-ín kò ní jẹ́ ohun tó wu abo lọ́hùn-ún, ìrísí á sì máa sáré lọ sí ọ̀nà méjì láìsí ohun tó ní láti dá a dúró.

Lójú tèmi, àlàyé Eberhard ló bá ẹ̀rí mu jù, nítorí ó ṣàlàyé ìyára ìyípadà náà, ohun tí àgádágodo lásán kò lè ṣe. Àmọ́ fún ẹni tó fẹ́ mọ orúkọ àfòpiná, méjèèjì já sí ibì kan náà. Ìrísí tó so mọ́ ẹni tó ń bá ẹni bímọ ló máa ń kọ́kọ́ yà nígbà tí irú bá yà. Apá lè dúró lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé ẹyẹ kan náà ló ń lé wọn, ìdí á ti yípadà.

Ẹ wo kòkòrò èso òwú, Helicoverpa armigera, tí àgbẹ̀ olówùú Ṣábẹ̀ẹ́ àti ti àríwá Benin mọ̀ bí ẹni mowó. Ìbejì rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, Helicoverpa zea, tó ń jẹ orí àgbàdo. Ní 1965, D. F. Hardwick, onímọ̀ kòkòrò ní Kánádà, tún àwọn méjèèjì àti ìbátan wọn tò, ẹ̀yà ìbímọ ló sì fi yọ ojúlé Helicoverpa kúrò nínú ojúlé ńlá Heliothis. Ìyàtọ̀ armigera àti zea wà ní ìsàlẹ̀ àpò inú ọ̀pá àtọ̀: ọ̀kan ṣoṣo ni ibi tó yọ gọnbu lára ti armigera, mẹ́ta ló wà lára ti zea. Ó jọ ohun tí kò tó nǹkan, àfi ìgbà tó di ọdún 2013 ní Bràsíl, tí kòkòrò kan ń run òwú àti sóyà, tí àwọn èèyàn sì kọ́kọ́ kà á sí zea tó ti wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ikùn rẹ̀, gọnbu kan ni wọ́n rí. Armigera ni, tó ti sọdá òkun wọlé láìsí ẹni tó mọ̀, òun sì ni èyí tó lórúkọ káàkiri ayé fún ṣíṣàìka oògùn apakòkòrò sí.

Bràsíl yìí kan náà ló tún fún àwọn alátakò ní ohun ìjà. Wọ́n ti rí àfòpiná níbẹ̀ tó jẹ́ àdàlù armigera àti zea. Bí kọ́kọ́rọ́ gọnbu kan bá lè ṣí ilé ẹni tí ọkọ rẹ̀ ní gọnbu mẹ́ta, ṣé ìyàtọ̀ náà ṣì jẹ́ ohun kan? Ó ṣì jẹ́ ohun kan. Ìrísí ikùn kì í ṣe ògiri, ẹ̀rí ìpínyà ni. Ó ń sọ fún wa pé agbo méjì yìí ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìgbà pípẹ́, kì í sì í ṣe ìlérí pé wọn ò ní pàdé mọ́ láé. Ibi tí àdàlù bá ti wà, ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ kún un, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Àtakò tó wúlò jù ni ti àgbẹ̀. Ó lè ní: kòkòrò ni kòkòrò, oògùn ni oògùn, kí ni mo fẹ́ fi ikùn àfòpiná ṣe? Tó bá jẹ́ pé oògùn ni ọ̀nà kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Àmọ́ oògùn tó kan ewé lórí, tó pa exempta tó ń jẹun ní gbangba, lè máà kan frugiperda tó wà nísàlẹ̀ ọfun àgbàdo lábẹ́ ìgbẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀tá tí Ọlọ́run fi sínú ayé fún kòkòrò kọ̀ọ̀kan kì í sì í ṣe ọ̀tá gbogbo kòkòrò. Ẹ wo àwọn tó ń gbẹ́ inú igi àgbàdo àti ìrèké. Ìdin ojúlé Sesamia fẹ́rẹ̀ẹ́ pupa bákan náà, àfòpiná wọn sì jọ koríko gbígbẹ bákan náà. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ kòkòrò méjì, W. H. T. Tams àti John Bowden, fi ẹ̀yà ìbímọ tún ojúlé náà tò ní 1953 ni Sesamia calamistis àti Sesamia botanephaga tó ya orúkọ sọ́tọ̀ kedere ní Áfíríkà, àwọn kan sì ti ka botanephaga sí ẹ̀ka kan lára Sesamia nonagrioides lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n ń kó agbọ́n kékeré Cotesia sesamiae wá láti Kenya sí gúúsù Benin, calamistis ni wọ́n ní lọ́kàn. Agbọ́n yìí a máa yé ẹyin sínú ìdin, ọmọ rẹ̀ a sì jẹ ìdin náà láti inú. Ti etíkun Kenya lè ṣe èyí nínú Sesamia, àmọ́ bó bá yé ẹyin sínú Busseola fusca, agbẹ́gi mìíràn tó ń gbé nínú igi kan náà, ẹ̀jẹ̀ ìdin náà á wé mọ́ ẹyin, á sì pa á. Ti òkè ilẹ̀ Kenya kì í rí ìyọnu yìí. Ẹni tó bá ṣi irú mú á tú agbọ́n sílẹ̀ lófo.

Ṣé DNA ò ti wá sọ gbogbo ọ̀bẹ àti pọ́táṣì yìí di àtijọ́? Ó yára, ẹsẹ̀ ẹyọ kan lára àfòpiná tó fún un, ó sì lè ka ìdin àti ẹyin tí kò ní ẹ̀yà ìbímọ kankan. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ DNA kì í sọ orúkọ. Ohun tó ń sọ ni pé àfòpiná yìí bá èyí tí ẹ ti ní mu, ẹnì kan sì ti gbọ́dọ̀ sọ orúkọ èyí tí ẹ ti ní náà dáadáa. Orúkọ irú kọ̀ọ̀kan so mọ́ àfòpiná kan pàtó nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àfòpiná olórúkọ ni ká pè é, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kú kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ DNA. Bákan náà, apá DNA tí wọ́n sábà ń kà láti fi dá kòkòrò mọ̀ jẹ́ èyí tí ìyá nìkan ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Níbi tí irú méjì bá ti dà pọ̀, á sọ ìran ìyá, á sì dákẹ́ nípa ti bàbá.

Frugiperda gan-an ló fi ibi tí ọgbọ́n méjèèjì dé hàn. Ní Amẹ́ríkà, ó ní ẹ̀ka méjì, èyí tó fẹ́ràn àgbàdo àti èyí tó fẹ́ràn ìrẹsì àti koríko. Apá wọn jọra, apá ìgbámú wọn jọra, kò sí ohun tí ọ̀bẹ lè rí níbẹ̀. DNA nìkan ló ń yà wọ́n. Nígbà tí wọ́n wá fi DNA yẹ àwọn tó wà ní Áfíríkà wò, DNA ìyá sọ pé ẹ̀ka ìrẹsì wà níbẹ̀ dáadáa. Apá DNA mìíràn tí bàbá náà ń fi sílẹ̀ sọ pé ti àgbàdo ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ohun tó bá ẹ̀rí méjèèjì mu jù ni pé àdàlù ló wọlé, èyí sì bá ohun tí oko ń sọ mu, nítorí àgbàdo ni wọ́n ń jẹ jù níbí. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá frugiperda ni, ikùn á sọ fún un. Ẹni tó fẹ́ mọ ẹ̀ka rẹ̀, á lọ bá DNA, kó má sì gba ọ̀rọ̀ apá DNA kan ṣoṣo gbọ́.

Fún ẹni tó wà ní oko Ṣábẹ̀ẹ́ tí kò ní awò amúhuntóbi, ara kòkòrò fúnra rẹ̀ ṣì ní ohun tó lè sọ. Ìdin frugiperda tó ti dàgbà ní àmì funfun níwájú orí tó rí bí lẹ́tà Y tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Àmọ́ àwọn mìíràn náà ní ohun tó jọ ọ́, nítorí náà ibi tó yẹ kéèyàn wò dáadáa ni òkè ìdí rẹ̀, níbi tí àmì dúdú mẹ́rin ti tò bí igun mẹ́rin ilé. Bí iyèméjì bá ṣì wà, kí ó fi ewé àgbàdo bọ́ ìdin náà nínú ike tí atẹ́gùn ń wọ̀, tí iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, títí yóò fi di àfòpiná. Akọ ló dára jù láti fi ránṣẹ́ sí onímọ̀ kòkòrò, kí wọ́n má sì tẹ ikùn rẹ̀ fọ́. Kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ dáadáa tàbí kí wọ́n fi í sínú ọtí líle, pẹ̀lú bébà tí wọ́n kọ orúkọ abúlé, ọjọ́ tí wọ́n mú un àti ohun ọ̀gbìn tó ń jẹ sí.